Ọwọ́ Ọmọ́wùmí Tó Ká Kò

Ní Ìkòrò láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí èèyàn dárúkọ àwọn obìnrin tó mọ kíjìpá hun, Ọmọ́wùmí ìyàwó Akíntúndé ni wọn yóò kọ́kọ́ dá. Ọmọ Ògúnjọbí alágbẹ̀dẹ ní Ìjerò ni. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kí ọkọ tó fẹ́ ẹ wá sí Ìkòrò. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ọkọ rẹ̀ ni òfì rẹ̀ dúró sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kì í ṣe aláriwo obìnrin. Bí ó bá ti jókòó ti òwú, ó lè má sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi kàn tàrí, kó jẹ́ pé igi tó fi ń lu òwú nìkan ni à ń gbọ́ láti ìta.

Gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní apá ibi tiwa, láti Ìjerò dé Ẹ̀fọ̀n, gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń tẹjú mọ́ nígbà náà. Ó wọ́pọ̀ lọ́rùn àwọn obìnrin. Ti Ọmọ́wùmí ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kò dùn ún, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó délé ọkọ, ó tóbi débi pé bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ a máa há. Akíntúndé kì í lè sùn, yóò kàn máa fetí sí i. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tó tẹ̀lé òmìnira, nígbà tí wọ́n ta kòkó tán, ó mú un wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́nà jíjìn. Wọ́n là á lọ́rùn, wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ náà kúrò. Ó padà wálé pẹ̀lú àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Àwọn obìnrin ń wá wò ó, wọ́n ń fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n ń ṣe háà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn ìka ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, wọn a kú tipiri, wọn a tún padà bọ̀ sípò. Ó rò pé iṣẹ́ òfì ni. Ó ń fi òróró pa wọ́n, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó yá ó lóyún, ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọmọ náà ní Fọláṣadé. Ọmọ náà mu ọmú dáadáa, ó sanra débi pé ọrùn rẹ̀ ká. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbẹ.

Ọjọ́ tí gbogbo ayé rí i, ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́wùmí wà láàárín àwọn ìyá, ó pọn Fọláṣadé, wọ́n ń kọrin lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ṣàdédé rí i pé ọwọ́ òun méjèèjì ti ká. Àtàǹpàkò wọ inú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka tó kù nà ṣánṣán, wọ́n sì para pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi ìka bu iyọ̀. Agbọ̀n iṣu já bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ẹnì kan ké pé, "Wárápá!"

Ẹ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe láàárín èrò bí ẹ kò bá gbé ayé ìgbà náà. Àwọn èèyàn gbà pé itọ́ ẹni tí wárápá bá gbé ṣánlẹ̀ a máa kó o ran ẹni tó bá kàn án. Àga ń ṣubú, àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn lọ́wọ́ jáde. Ibi tí Ọmọ́wùmí dùbúlẹ̀ sí ṣófo bí ibi tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìbíyẹmí, ló ń kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ bá mi gba ọmọ yẹn! Ẹ gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀!" Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Akíntúndé fúnra rẹ̀ ló padà wá tú ọ̀já, ó gbé ọmọ, ó sì yí ojú kúrò lára ìyàwó rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Ọmọ́wùmí ń gbọ́. Ara rẹ̀ nìkan ló lọ, ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbọ́ igbe náà. Ó gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń sá. Ó gbọ́ nígbà tí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ odò sọ pé, "Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n mi ò ní bá a mu nínú igbá kan náà mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, àìsàn náà kò jẹ́ kó gbádùn. Bí ó bá ti ń sunkún, tí ó ń mí gúlegúle, kíá ni ọwọ́ á ti ká. Wọ́n ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọ́n gba Fọláṣadé lẹ́nu ọmú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún Àtinúkẹ́, ẹ̀gbọ́n Akíntúndé obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Ayétòrò. Ọmọ́wùmí bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní nítorí ọmọ náà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan àìsàn náà tún mú un nínú yàrá. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, eyín rẹ̀ so mọ́ra, kò lè gbé ahọ́n. Ìbíyẹmí àti Akíntúndé wọlé, wọ́n dúró sí orí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó sùn wọra.

Ìbíyẹmí ní, "Akíntúndé, o ṣì kéré. Ìwọ nìkan ni mo bí lọ́kùnrin. Ṣé inú ilé tí wárápá wà ni wàá ti dàgbà? Dá a padà fún bàbá rẹ̀."

Akíntúndé ní, "Ẹ jẹ́ kí a kórè kòkó tó wà lórí igi tán ná. N óò dá a padà. Ó ti sú èmi náà."

Omi bọ́ lójú Ọmọ́wùmí, ó ṣàn lọ sínú etí rẹ̀. Akíntúndé rí i, ó ní, "Ìyá, ẹ wo ojú rẹ̀."

Ìbíyẹmí dáhùn pé, "Àìsàn náà ni. Kò mọ nǹkan kan."

Wọn kò dúró de ìkórè kòkó mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Akíntúndé ti mú un lọ sí Ìjerò, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nílé àna rẹ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ kan, ó wólẹ̀ kí àna rẹ̀, kò sì lè gbé ojú sókè títí ó fi lọ.

Àgbà alágbẹ̀dẹ ni Ògúnjọbí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bọ Ògún ní àdúgbò wọn, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìyá Ọmọ́wùmí ti kú tipẹ́. Nígbà tí Ògúnjọbí rí ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Ulé rẹ rè é, ọmọ mi. Dìde, wọlé."

Àwọn ará ilé kò fara mọ́ ọn. Àìsàn náà mú un lálẹ́ ọjọ́ tó dé; lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé bu oúnjẹ fún Ọmọ́wùmí sínú àwo tánganran kan tó ti ṣá, ó gbé e sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ògúnjọbí ń wò ó láti ìdí ẹ̀wìrì. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó rìn lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú àwo kan náà. Ó gé iyán, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì, ó tún gé òmíràn. Gbogbo agbo ilé ń wò ó. Nígbà tí àwo ṣófo, ó lá ìka rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wá wo òkú mi, kó padà wá lọ́la." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bi í léèrè. "Ọmọ́wùmí, nígbà tó bá mú ọ, níbo lo máa ń wà?"

"Ibi tí mo wà náà ni, Bàámi. Mo ń rí yín. Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ."

"Nígbà tó mú ọ lánàá, kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí Ògún má jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ yín sin mí, pé ìyá mi tẹ́ ẹ sin ti tó."

Bàbá náà yí ojú sí i. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì dá a lójú pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Wárápá ló pa àbúrò mi ọkùnrin. Inú iná ló ṣubú sí. Bó bá ti mú un tó sì jí, kì í mọ orúkọ ara rẹ̀, ká má tíì sọ pé ó mọ ohun tí a sọ. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́ o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n pè é."

Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ń rò ó lọ́wọ́ ni nǹkan burú sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí Ọmọ́wùmí ṣe ń gbálẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ọ̀fun rẹ̀ sì fún. Bó bá fẹ́ fa èémí, ó ń dún bíi súfèé. Ètè rẹ̀ ń di dúdú. Ògúnjọbí ju òòlù sílẹ̀, ó bọ́ sójú títì, ó dá lọ́rì kan tó kó kòkó dúró nípa dídúró gedegbe sí iwájú rẹ̀. Awakọ̀ náà bú u, ṣùgbọ́n nígbà tó rí obìnrin tí wọ́n gbé bọ̀, ó ní kí wọ́n gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn ìjọ kan tó wà lọ́nà Adó.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ń jẹ́ Victoria. Ó wo ẹnu tó so mọ́ra, ó wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó le gbagidi, ó rí ojú ọgbẹ́ ọkọ́ kan tó ń jinná lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ipá ló wá sí i lọ́kàn, àrùn tí í ti ojú ọgbẹ́ wọlé tí í sì í ti èèyàn lẹ́nu pa. Ó ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn tó kú nípa rẹ̀. Kò sì ṣe àṣìṣe púpọ̀, nítorí wọ́n jọra. Ó gbé e sínú yàrá tó ṣókùnkùn, níbi tí ariwo kò sí, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà.

Dókítà Olúwọlé kò tíì pẹ́ tó dé láti ibi tó ti kàwé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Kí ó tó wọlé, ìgbì àìsàn náà ti rọlẹ̀ díẹ̀, Ọmọ́wùmí sì ti lè la ẹnu. Nọ́ọ̀sì Victoria fún un lómi, ó mu ún. Dókítà dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń mu omi náà.

Ó ní, "Sísítà, ẹni tó ní ipá kì í la ẹnu báyìí láàárín ìgbì kan sí ìkejì. Àgbọ̀n rẹ̀ kì í tú sílẹ̀."

Victoria ní, "Mo rí i, sà. Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyẹn."

Dókítà yí sí Ògúnjọbí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ rí?"

Ògúnjọbí sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi pé ọmọ òun ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí àìsàn bá mú un, dókítà gbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ìgbà yẹn ló wá rí àpá tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Ọmọ́wùmí. Ó fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ta ló gé gẹ̀gẹ̀ fún yín? Ó tó ìgbà wo?"

Ọmọ́wùmí sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣé ẹ ti bímọ lẹ́yìn náà? Ṣé ẹ fún un lọ́mú?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

Dókítà fi ìka rẹ̀ gbá a jẹ́jẹ́ níwájú etí. Ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀ ta pọ́ún. Ó tún gbá a, ó tún ta. Ó wá mú aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, ó wé e mọ́ ọn ní apá òkè, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi le, kò sì tú u sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ máa wo ọwọ́ yín." Gbogbo wọn ń wò. Díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka nà ṣánṣán, wọ́n para pọ̀. Ọwọ́ kan yẹn nìkan ló ká. Ìkejì nà sílẹ̀ lórí ibùsùn láìsí ohun tó ṣe é.

Ẹnu ya Ògúnjọbí. Àìsàn tí wọ́n sá fún ní Ìkòrò, ọkùnrin yìí ti pè é jáde lójú gbogbo wọn.

Ìgbà náà gan-an ni ìgbì mìíràn bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun Ọmọ́wùmí tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Dókítà tú aṣọ rọ́bà náà kíá. Ó ní, "Sísítà, kálísíọ̀mù. Ẹ bá mi gbé e wá." Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó ní bí àwọn bá ń dúró de èsì Ìbàdàn, òkú ni àwọn yóò kà á fún. Ó tẹ̀ síwájú Ọmọ́wùmí, ó ní, "Ẹ ń gbọ́ mi? Bí ẹ bá ń gbọ́, ẹ ṣẹ́jú."

Ó ṣẹ́jú.

"Ó dáa. Abẹ́rẹ́ yìí yóò gbóná nínú ara yín. Mo máa fún yín díẹ̀díẹ̀, nítorí bí mo bá yára, ó lè dá ọkàn yín dúró. Ẹ fara dà á."

Lóòótọ́ ló rọra fún un. Òógùn ń bọ́ lórí imú rẹ̀, Victoria ń nù ún, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì wà lórí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ Ọmọ́wùmí, ó ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Súfèé tó wà lọ́fun kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ó fa èémí kan tó gùn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ìka ìkẹ́yìn kọ́kọ́ rọ̀, àtàǹpàkò ló rọ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ́wùmí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ tó sọnù padà fún.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ṣé mo lè rí ọmọ mi?"

Lẹ́yìn náà, lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, dókítà ṣàlàyé fún Ògúnjọbí. Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù tó wà nínú egungun àti eyín, òun náà ló wà nínú ìkarahun ìgbín. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú kí iṣan ara fara balẹ̀. Bí ó bá kéré jù, iṣan a máa fa ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ewu tirẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ kan ló ń ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ̀yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wú ni wọ́n fara pamọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n gé gẹ̀gẹ̀, ó jọ pé wọ́n bá a lọ. Ìyókù tó wà lára rẹ̀, ọmú tó fún ọmọ fà á. Ẹkún àti àìjẹun sì tún dá kún un.

Ògúnjọbí bi í pé, "Ta ló jẹ̀bi?"

Dókítà ní, "Bàbá, èmi náà ti gé gẹ̀gẹ̀ rí. Àwọn kókó yẹn ṣòroó rí. N kò lè dá ẹni tó gé e lẹ́bi. Ohun tó yẹ kó máa ṣọ́ ni wọn kò sọ fún un."

"Ṣé ó máa ń ran èèyàn?"

"Kì í ran ẹnikẹ́ni, Bàbá."

Alágbẹ̀dẹ náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ẹni tó ti jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ìgbà tí wọ́n wá sọ fún un pé kò sí ewu níbẹ̀ ló sunkún.

Ìròyìn dé Ìkòrò. Akíntúndé wá sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ kùtù, ó gbé adìyẹ kan dání. Ọmọ́wùmí jókòó lórí ibùsùn, ó ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe. Akíntúndé kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú àwọn aláìsàn tó kù.

"Ọmọ́wùmí, má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ọmọ́wùmí gbé àwo ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Fọláṣadé, ẹ dìde. Ẹ̀rù bà yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀yin àti Ìyá dúró sórí mi, ẹ ní ó ti sú ẹ̀yin náà. Mo gbọ́ ọ."

Adìyẹ tí Akíntúndé gbé dání ń ké, kò sì rántí gbé e sílẹ̀.

Ọmọ́wùmí kò bá a padà lọ. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí yóò máa lò títí ayé rẹ̀, Ìjerò ló padà sí. Ó ní òun kò kọ ọkọ, ṣùgbọ́n ara òun kò tíì lè wọ inú yàrá yẹn.

Ìbíyẹmí ló wá gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ìkòrò, Àtinúkẹ́ tẹ̀ lé e, ó pọn Fọláṣadé. Wọ́n sọ ọmọ náà kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ti ń rìn. Ó wo Ọmọ́wùmí, ó wo ọwọ́ tó nà sí i, ó yí padà, ó di aṣọ Àtinúkẹ́ mú, ó figbe ta. Àtinúkẹ́ ń tì í síwájú, ojú ń tì í. Ọmọ́wùmí ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ló mọ̀." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ọmú rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́.

Ìbíyẹmí ní kí àwọn tó kù bọ́ síta. Obìnrin líle ni, kì í bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Akíntúndé sọ fún mi ohun tí o sọ. Pé ò ń gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọjọ́ yẹn tí omi bọ́ lójú rẹ, mo ní àìsàn ni. Mo mọ̀ pé ẹkún ni. Èmi náà ti sunkún rí, mo mọ ẹkún. Bí mo bá gbà pé ẹkún ni, n kò ní lè ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe."

Ọmọ́wùmí dìde, ó bu omi wá fún un nínú ife tí òun fi ń mu, ó sì dúró. Ìbíyẹmí gba ife náà, ó mu omi náà tán.

Ọmọ́wùmí padà sí Ìkòrò nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba ohun tí dókítà sọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ṣì ń sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, àwọn kan sì ń fi ọ̀yàyà àṣejù bò ó mọ́lẹ̀, èyí tó jọ pé ó burú ju sísún lọ. Ó gbé òfì rẹ̀ ró, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà rògbòdìyàn òṣèlú tó wáyé nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n ń dáná sun ilé àti ọkọ̀, oògùn rẹ̀ tán, ọkọ̀ kò sì rìn. Akíntúndé gba inú oko dé inú oko lọ sí ilé ìwòsàn náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó dí ọ̀nà nà án, wọ́n ní amí ni. Ó padà dé pẹ̀lú ojú wíwú, ó gbé ìgò oògùn kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òfì. Ọmọ́wùmí fi omi gbígbóná wẹ ojú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣàwàdà bíi ti àtijọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ogun ti ń jà lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn nígbà tí rọpárọsẹ̀ gbé Ìbíyẹmí dálẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ lọ. Àwọn ẹbí wá kún yàrá, wọ́n ń jíròrò lórí rẹ̀, ibi tí wọn yóò sin ín sí, ẹni tí yóò jogún ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà Ìjerò. Ọmọ́wùmí gbé omi wọlé, ó gbọ́ wọn. Ó gbé omi náà kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ síta lọ sọ ìyẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọkùnrin ní, "Ìyàwó, kí ló dé? Kò mọ nǹkan kan mọ́."

"Ó mọ̀, sà. Ẹ bọ́ síta."

Kò tíì gbé ohùn sókè sí àgbà rí. Wọ́n jáde. Ó jókòó ti Ìbíyẹmí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ọjọ́ ṣe rí fún un, pé òjò ti ta sílẹ̀ díẹ̀, pé ìyàwó aládùúgbò ti bímọ ọkùnrin, pé Akíntúndé ń kórè kòkó ní ìdí odò. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí obìnrin náà fi kú ní ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìnkùnlé.

Ọmọ́wùmí kò bí ọmọ mìíràn. Àtinúkẹ́ ló tọ́ Fọláṣadé dàgbà ní Ayétòrò, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Bí ìsinmi bá dé, yóò wá sí Ìkòrò, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa ka ìwé sókè fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ń hun aṣọ. Ìyá ló ń pe Ọmọ́wùmí àti Àtinúkẹ́ bákan náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, ó máa ń yára di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Ayétòrò. Ọmọ́wùmí a bá a gbé e dé ibùdókọ̀, a dúró títí ọkọ̀ yóò fi gbéra, a sì padà wálé.